Àwọn Àfáà Nídìí Tábìlì Ìdíje Arẹwà

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ rọra o. Bí ọmọ kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Bí ẹ bá sì jẹ́ irú ẹni tí "bẹ́ẹ̀ ni" máa ń yára bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹni tó jù ú lọ bá bi í ní nǹkan, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kò wúwo lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó gbé ọkùnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó gbé àfáà mẹ́fà pẹ̀lú láwàní wọn, ó kó gbogbo wọn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rò pé òun ń lọ. Ẹ má sọ pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún yín.

Gàníyù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Síìpù ló ń tún ṣe ní Ìdúmàgbò: síìpù báàgì, síìpù ṣòkòtò, síìpù àpótí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, ìyẹn ló fi di ẹni tí "bẹ́ẹ̀ ni" mọ́ lára. Onílé á ní kó sún síwájú, bẹ́ẹ̀ ni sà. Oníṣọ́ọ̀bù á ní kó sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni mà. Nígbà mìíràn àwọn méjèèjì á pàṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, Gàníyù á dá wọn lóhùn papọ̀, á wá dúró sójú kan, á máa làágùn.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, kò sì tètè bí i. Taslimah lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí Gàníyù bá kírun tán, àdúrà tó máa ń ṣe fún un kò gùn. Kì í tọrọ pé kó lówó, kì í tọrọ pé kó lọ sókè òkun. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ yìí má fi ẹnu jọ òun. Imú, kó jọ ọ́. Etí, kò burú. Ẹnu nìkan ni kí Ọlọ́run bá òun yọ kúrò níbẹ̀, kó má di ẹni tí gbogbo ayé ń sọ ohun tí yóò wí fún.

Àdìjátù, ìyá ọmọ náà, ń ta sálúbàtà ní Ìdúmọ̀tà. Ibẹ̀ ló ti rí pósítà kan lára ògiri: Ọmọ Arẹwà Erékùṣù, ìdíje fún ọmọbìnrin ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, gbọ̀ngàn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdúmàgbò, ọjọ́ Sátidé. Ó ya á sínú fóònù, ó gbé e wálé.

"Bàbá Taslimah, ẹ wo ọmọ wa dáadáa. Ẹ wo ojú, ẹ wo ọrùn. Kí irú ẹwà yìí kàn jókòó sílé kó máa jẹ ẹ̀bà lásán?"

Gàníyù wo ọmọ. Lóòótọ́, ẹ̀bà ló ń jẹ. Ọbẹ̀ wà lágbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?"

"Rárá" ló wà ní ọkàn Gàníyù o. Ó wà níbẹ̀ gbọningbọnin. Ohun tó gba ẹnu jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìrìn ló wá di wàhálà. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà fi fídíò ránṣẹ́, bí ọmọ yóò ṣe rìn nìyí, bí yóò ṣe yíjú, bí yóò ṣe ṣẹ́jú kan. Àdìjátù kì í kúrò ní ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ máa ń wà tó bá ti ilé-ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé Gàníyù, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń funfun, ló ń kọ́ ọmọbìnrin ní ìrìn arẹwà láàárín máṣíìnì àti gọ́tà. Á wo fóònù, á dìde, á rìn ín lọ, á rìn ín bọ̀.

"Wọ́n ní kí ọwọ́ kan wà ní ìbàdí."

"Ìbàdí mi dà?" ni Taslimah bi í.

Gàníyù wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò sí ìbàdí níbẹ̀. Ikùn ló lọ tààrà títí tó fi di ẹsẹ̀. "Ṣáà gbé e síbi tí yóò wà tó bá yá," ó ní.

Wàsíù tó ń ta àgádágodo ní ẹ̀gbẹ́ wọn pàtẹ́wọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gàníyù! Gàníyù ìdí ìlẹ̀kẹ̀! Ọkọ wo lo tún ń wá lọ́jọ́ ogbó?"

"Wàsíù, jọ̀ọ́, mo ń ṣiṣẹ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ láti rìn, ẹ̀rín tán lẹ́nu Wàsíù. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ojú rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àgádágodo tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Ọmọ ìyá mi," ó rọra wí, "sọ fún un kó máa rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gàníyù wí. Lẹ́yìn náà ni Àdìjátù pè lórí fóònù, ó bèèrè pé ṣé ìrìn náà ń lọ dáadáa, Gàníyù ní bẹ́ẹ̀ ni fún ìyẹn náà. Ìrìn ń bá a lọ. Ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí dúró lódìkejì títì, ó gbé fóònù sókè, ó dojú rẹ̀ kọ wọ́n. Kò lè bá a jà, kò sì lè ní kí ọmọ dúró. Ó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn láàárín ọmọ àti fóònù náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ọkùnrin náà fi bá tirẹ̀ lọ.

Ní Túsìdeè, aṣọ dé. Funfun báláú ni, ó ní ìbora léjìká, adé dídán sì bá a wá. Àdìjátù gbé e kọ́ sí àgbàlá kí ó gba afẹ́fẹ́. Agbo ilé wọn kì í ṣe ilé tí èèyàn ń gbé aṣọ kọ́ sí kó má rí ẹni tí yóò bèèrè ìdí rẹ̀. Kíá ni Hájíà Àlímọ̀t jáde tòun ti bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Gàníyù ni, òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, ohùn rẹ̀ sì ni ohùn agbo ilé náà.

"Gàníyù, aṣọ ta nìyí?"

"Ti Taslimah ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Adé yìí ńkọ́?"

"Tirẹ̀ náà ni."

Hájíà gbé bútà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. "Wólímọ̀tù! Ọmọ ti parí Kùránì, ẹ sì dákẹ́ sí mi! Àbí kì í ṣe wólímọ̀tù ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ọmọ bá parí Kùránì nílé-kéú, irú aṣọ funfun yìí náà ni wọ́n ń wọ̀ fún un, irú adé yìí náà ni wọ́n ń dé e, wọn á gbé e sórí àga gíga lójú ọ̀pọ̀ èèyàn kó ka ohun tó kọ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀, ta ni yóò ro nǹkan mìíràn?

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gàníyù wí.

Taslimah wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibi tí eku ti jáde.

"Nígbà tèmi," ni Hájíà ń wí, ó ń fọwọ́ pa aṣọ náà, "orí ẹṣin ni wọ́n gbé mi sí. Mo sunkún láti Ìdúmọ̀tà títí délé. Gbogbo èèyàn ní ayọ̀ ló ń pa mí." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dúró lójú kan. "Ẹ̀rù ẹṣin ló bà mí. Kò sẹ́ni tó bi mí." Ó gbé bútà rẹ̀, ó wọlé.

Hájíà ti gba ọjọ́ àti ibi tí yóò ti wáyé lẹ́nu Gàníyù, ọ̀sán ọjọ́ náà ló sì ti dé ilé-kéú. "Àfáà Ṣàíbù! Ẹ ò ṣe sọ fún wa pé wólímọ̀tù Taslimah ti dé tán?"

Àfáà Ṣàíbù mọ Taslimah dáadáa. Òun ló ń kọ́ ọ. Ọmọ náà kò tíì kọjá Alámútárà, súrà kúkúrú inú Kùránì, ibẹ̀ gan-an ló ti ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni àfáà fẹ́ wí? Pé wólímọ̀tù fẹ́ wáyé lórí ọmọ kéú òun, òun ò sì gbọ́? Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Hájíà, a fẹ́ kó bá yín lójijì ni." Nígbà tí Hájíà lọ tán, ó sáré ránṣẹ́ sí àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún. Àwọn náà ò fẹ́ kó dà bíi pé wọn ò gbọ́. Ọ̀kan ní òun ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ láti inú Rámàdánì. Nígbà tí yóò fi di Jímọ̀, àfáà mẹ́fà ló ti mọ ohun tí kò sí.

Gàníyù rò ó fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ ò wí pé rárá ni?"

"Ẹnu mi ò gbé e."

Àdìjátù rò ó. "Kò burú. Èrò á pọ̀ lẹ́yìn wa. Wọ́n máa ń fún ọmọ tí èrò bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní máàkì."

Gàníyù wá mú ọmọ lọ sí kọ̀rọ̀. "Taslimah, bí Màmá Hájíà bá bi ọ́, wólímọ̀tù ni. Bí àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn bá bi ọ́, arẹwà ni. Ṣé o gbọ́?"

"Bí Ọlọ́run bá bi mí ńkọ́?"

Gàníyù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọlọ́run kì í bi ọmọdé ní nǹkan."

Sátidé dé. Àǹtí Kẹ́mi, obìnrin tó ṣètò ìdíje náà, ń sá sókè sá sódò nínú gbọ̀ngàn, fóònù méjì ní etí méjì. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì adájọ́, ó ti to omi sí i, ó ti to káàdì nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́wàá. Adájọ́ ni kò sí. Ọ̀kan ní òun ń bọ̀ láti àárọ̀, àwọn yòókù ti pa fóònù. Àwọn ìyá ọmọ ti ń kùn. Omijé ti ń kóra jọ lójú Àǹtí Kẹ́mi nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àfáà mẹ́fà wọlé nínú agbádá àti láwàní, Hájíà Àlímọ̀t wà níwájú, àwọn obìnrin agbo ilé wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹní lábíyá.

Àǹtí Kẹ́mi kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà! Ṣé ẹ̀yin ni adájọ́ tí wọ́n rán sí wa?"

Àfáà Ṣàíbù kò mọ adájọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ohun tí kò mọ̀ láti ọjọ́ Túsìdeè, kí ló tún kù? "Àwa náà nìyẹn," ó ní.

Wọ́n jókòó. Àfáà kan gbé káàdì nọ́ńbà sókè, ó yí i po. "Kí lèyí?"

"Ìgbàlódé ni," ni Àfáà Ṣàíbù fèsì. "Bí kéú ṣe ń lọ báyìí nìyẹn."

Ọmọ àkọ́kọ́ jáde. Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún méje. Irun tí wọ́n fi bò ó lórí tóbi ju orí lọ, bàtà gíga sì ń gbé e gbọ̀n bí ẹni tó gun àkàbà. Àwọn àfáà gbé ojú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wo aṣọ tábìlì. Èyí tó dàgbà jù bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde láìwòkè. "Ẹ bá mi fi bo ọmọ yìí. Ẹ bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó má ṣubú." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi, kà," ni Àfáà Ṣàíbù wí.

"Kí n ka kí ni, sà?"

"Ohun tí wọ́n kọ́ ọ."

Abọ́sẹ̀dé ronú. Ohun tó dá a lójú kò pọ̀. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ohùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀ ìsọdipúpọ̀: méjì lọ́nà kan, méjì, méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin. Ó kà á títí dé méjì lọ́nà méjìlá, kò fo ọ̀kankan. Àwọn àfáà ń mi orí.

"Ohùn rẹ̀ mọ́."

"Kò lọ sókè jù, kò lọ sílẹ̀ jù."

Káàdì mẹ́wàá-mẹ́wàá gba ojú ọ̀run. Ìyá Abọ́sẹ̀dé hó yèè.

Kí ni àwọn ìyá yòókù tún ń wò? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró nu ìtọ́tè kúrò lẹ́nu ọmọ wọn, wọ́n ń bọ́ bàtà gíga, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí wọn létí. Ọmọ kan jáde, ó ka ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Èkejì ka orúkọ gbogbo ayálégbé ilé wọn, yàrá sí yàrá, ó dárúkọ ẹni tí kì í fọ ilé-ìgbẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún kan kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń ka "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n fún un ní mẹ́jọ. Àǹtí Kẹ́mi ń wò. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó wo láwàní mẹ́fà, ó gbé máìkì sẹ́nu: "Ẹ̀yin èèyàn mi, irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí!" Òótọ́ ló sọ.

Ó wá kan Taslimah, tòun ti ìtọ́tè pupa lẹ́nu.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní méjèèjì kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́. Ó mú méjèèjì wá. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí tí kò tíì dé, ó ju ẹsẹ̀ bí fídíò ṣe wí, ó ṣẹ́jú kan sí àwọn àfáà, ó sì ń ka Alámútárà, háráfì sí háráfì, láìfà rárá. Lójú Gàníyù, ṣe ló dà bí arúgbó kan tí omi gbígbóná mú súnkì. Kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ń wá ọmọ rẹ̀ lára ọmọ náà.

Àfáà Ṣàíbù la ẹnu, kò lè pa á dé. Bí ó bá fetí nìkan gbọ́, kò sí àṣìṣe tí yóò mú níbẹ̀. Bí ó bá fojú wò ó, astagafúrùlàáì. Ó fi ọwọ́ òsì bojú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé mẹ́wàá sókè. Àwọn márùn-ún yòókù bojú, wọ́n gbé tiwọn náà sókè.

Taslimah ló gbégbá orókè. Àǹtí Kẹ́mi fi rìbọ́ọ̀nù kọ́ ọ lọ́rùn, èdè òyìnbó ni wọ́n sì kọ sára rìbọ́ọ̀nù náà. Hájíà fa rìbọ́ọ̀nù náà súnmọ́ Àfáà Ṣàíbù. "Ẹ bá mi kà á."

Àfáà Ṣàíbù wò ó títí. "Ó ní kí Ọlọ́run bá wa dá ọmọ náà sí."

"Àmín!"

"Ní oṣù tó ń bọ̀," ni Àǹtí Kẹ́mi ń kéde, "Taslimah yóò ṣojú Erékùṣù ní Ìkẹjà! Ogójì ọmọ ni wọn yóò jọ díje!"

Hájíà dúró. "Ìkẹjà ṣe jẹ́? Wọ́n ń ṣe wólímọ̀tù kan lẹ́ẹ̀mejì ni? Taslimah, wá. Sọ òótọ́ fún mi. Kí la wá ṣe níbí lónìí?"

Ọmọ náà wo Hájíà. Ó wo Àǹtí Kẹ́mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èsì méjì ni bàbá rẹ̀ fún un, ti ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sì sọ ohun tí yóò wí bí àwọn méjèèjì bá jọ bi í. Taslimah rẹ́rìn-ín inú fídíò, gbogbo eyín ló jáde.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ó ní.

Ohùn Gàníyù gan-an ni. Gbogbo àdúrà tó ti ń gbà láti ọdún mẹ́fà, ó rí i bó ṣe dà sílẹ̀ níbẹ̀.

"Irọ́ ni," ó ní. Kò mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni. Ìdíje arẹwà ni. Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn yẹn. Ẹ má bínú sí ọmọ."

Ó ń dúró de ìgbátí. Hájíà tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Jókòó, Gàníyù. Ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ti ń ka méjì lọ́nà méjì ni mo ti mọ̀. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Kùránì ni? Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Ẹ ò... ẹ ò sì wí nǹkan kan?"

"Ọmọ mi ló fẹ́ borí. Kí n wá dìde?" Ó yíjú sí Àǹtí Kẹ́mi. "Ìkẹjà yẹn, àárọ̀ ni àbí ọ̀sán? Ká lè mọ ìgbà tí a ó kúrò nílé."

"Àwa adájọ́ náà á lọ," ni Àfáà Ṣàíbù sọ, ó ń kó káàdì sápò.

Àdìjátù ti ń jó. Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ Gàníyù. "Bàbá ọmọ, a ń lọ, àbí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó kún un bí iṣu gbígbóná. Ó gbé e mì. Ó dùn ún. "Ẹ bi ọmọ," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹ bi í. Kò sẹ́ni tó bi í. Èmi náà ò bi í."

"Ta ló ń bi ọmọdé?" ni Hájíà wí, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó bi àga. Ṣùgbọ́n ó wo ọmọ náà pẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bi í."

Àdìjátù kúnlẹ̀. "Taslimah, ọmọ mi, ṣé o fẹ́ lọ sí Ìkẹjà?"

Taslimah ṣí adé lórí, ó gbé e sílẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní. Ó wo bàbá rẹ̀, ó ń retí ohun tí yóò wí. Gàníyù kò fún un ní nǹkan kan. Àǹtí Kẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé máìkì sí i lẹ́nu.

"Mi ò sọ nǹkan kan mọ́," ni Taslimah wí. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́.

"Ráísì àti ẹran ń bẹ ní Ìkẹjà o, Taslimah," ni Àdìjátù fi ń tàn án.

Kò fọhùn.

"Sọ fún Àfáà tìẹ. Àbí a ò jọ ń kéú ni?"

Kò fọhùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" ni Hájíà bi í.

Taslimah fún ètè méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtọ́tè pupa náà fi wọ inú, tí a kò rí i mọ́. Gàníyù lọ jókòó tì í lórí ẹní. Ni wọ́n bá gbé máìkì kúrò lẹ́nu ọmọ, wọ́n gbé e sí ẹnu bàbá. Ó wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ṣe tirẹ̀, ó sì fún ètè tirẹ̀ náà pọ̀ bẹ́ẹ̀.